Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹja Kékeré Odò Kóńgò Tí Ó Ń Fi Ẹ̀yìn Lúwẹ̀ẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin Synodontis nigriventris nínú àpótí gíláàsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ibi tí ẹja náà ti wá. Ìbátan ẹja àrọ̀ ni, ó ní irunmú mẹ́fà lẹ́nu, gígùn rẹ̀ kì í sì í sábà ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Agbedeméjì odò Kóńgò ni ilé rẹ̀, láti Pool Malebo, níbi tí Kinshasa àti Brazzaville ti kọjú síra wọn ní bèbè méjèèjì, títí dé Basoko ní apá òkè odò. Kò sí nínú àwọn odò tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó tóbi jù ú lọ wà nínú odò Ọya. Lọ́sàn-án, abẹ́ igi tí ó wó sínú omi, abẹ́ gbòǹgbò àti abẹ́ ewé tí ó léfòó ni ó ń sá pamọ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, yóò jáde wá jẹun, ikùn rẹ̀ yóò kọjú sókè, yóò sì máa họ ohun tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé jẹ, yóò máa ṣa kòkòrò tí ó bọ́ sójú omi. Ikùn yìí dúdú ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ní ìdàkejì ọ̀pọ̀ ẹja, èyí tí kì í jẹ́ kí ohun tí ń ṣọdẹ rẹ̀ láti òkè tètè rí i.

Nítorí náà, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tó ro ilẹ̀ àpótí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń náwó sórí òkúta aláwọ̀ mèremère tí ẹja yìí kò ní yà sí rárá. Ẹ wá àpótí tí ó gba nǹkan bí 100 lítà, nítorí pé kò fẹ́ràn àdágbé. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó yẹ kí ẹ kó pọ̀. Iyanrìn kíkúnná tí ẹ ti fọ̀ mọ́ ti tó fún ìsàlẹ̀. Ẹ wá gbòǹgbò igi líle tí ó ti gbẹ dáadáa, ẹ sè é, kí ẹ sì gbé e dábùú omi kí àyè ṣófo wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ojúoró bo ìdajì ojú omi. Bí ẹ bá já a lódò, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ má sì da àjẹkù rẹ̀ sínú odò mìíràn, nítorí pé kì í pẹ́ gba gbogbo ojú omi. Ewé fúrúùtù gbígbẹ bíi mélòó kan yóò pa omi láró díẹ̀, yóò sì dín ìmọ́lẹ̀ kù.

Omi ni iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ fi oògùn tí ń pa agbára kílórínì sí i. Ẹ tan fíltà, ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi, kí ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láìtíì ra ẹja kankan. Oúnjẹ tí ó ń jẹrà yóò mú amóníà wá, èyí tí í ṣe májèlé. Àwọn bakitéríà tí ń gbé inú fíltà yóò sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà ń pa ẹja, wọn yóò sì wá sọ ìyẹn di náítíréètì tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé amóníà àti náítíráìtì ti di òdo ni ẹ tó lè lọ ra ẹja. Kí ìgbóná omi wà láàárín 24 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, kí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, sì wà láàárín 6 sí 7.5.

Ní ọjọ́ tí ẹja bá dé, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó nínú àpótí, kí ẹ sì máa bu omi àpótí sí i díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ife ni kí ẹ fi gbé e, ẹ má lo àwọ̀n, nítorí pé ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti ìhà rẹ̀ máa ń nà gbọnrangandan, wọn yóò sì há sínú àwọ̀n. Ó lè dún bí ẹ bá gbá a mú. Ìdí ẹ̀gún ìhà rẹ̀ ni ó ń gbo mọ́ egungun tí ó so mọ́ kí ó tó dún.

Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná, ni kí ẹ fún un ní oúnjẹ: oúnjẹ ẹja tí ó ń léfòó, tanwíjí, tàbí edé tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi omi tí ẹ bù kúrò fọ kàn-ìn-kàn-ìn fíltà, kí bakitéríà inú rẹ̀ má baà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì tó nǹkan bí oṣù méjì ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja yòókù, nítorí náà kí ìyẹn má kó yín láyà sókè. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá fi ibòji sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n ń mí gúlegúle lójú omi, atẹ́gùn inú omi ti dín kù nìyẹn: ẹ pààrọ̀ omi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì yẹ fíltà wò bóyá ó ti dí.