Bí ráútà ṣe lè tilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbàgbé

Ráútà Cisco kan, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni mo ti ń bójú tó o. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣiṣẹ́, èmi nìkan ni kò gbà wọlé. Mo wọkọ̀, mo gba Pobè kọjá, mo débẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo fi okùn so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ojú kọ́ńsólù, ihò tí a ń gbà bá ráútà sọ̀rọ̀ tààrà, mo tẹ show users láti rí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn márààrún tí a ń gbà wọlé láti òkèèrè, vty 0 dé 4, ló ti kún, orúkọ mi ló sì wà lórí gbogbo wọn. Gbogbo ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti já mọ́ mi lọ́wọ́, ráútà kò mọ̀ pé mo ti lọ. Ẹni tó tò ó ṣáájú mi ti kọ exec-timeout 0 0 sí i, ìyẹn ni pé kó má lé ẹnikẹ́ni jáde láé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀:

show running-config | section line

Bí ìlẹ̀kùn bá ti kún bíi tèmi, clear line vty 0 á lé ẹni àkọ́kọ́ jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyókù. Lẹ́yìn náà:

configure terminal
line vty 0 4
exec-timeout 5 0
line con 0
exec-timeout 5 0
exit
service tcp-keepalives-in
end

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn exec-timeout ni ìṣẹ́jú, èkejì ni ìṣẹ́jú-àáyá. Ìṣẹ́jú 10 ló máa ń wà lórí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èmi fara mọ́ 5. Àwọn ráútà kan tún ní vty 5 dé 15. Ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀, torí ìlẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀ ti tó fún olè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré kọ́ńsólù, ìyẹn line con 0. Bí ẹ bá kàn yọ okùn láìjáde, ipò ọ̀gá tí ẹ wà ṣì ń dúró. Ẹni tó bá ki okùn tirẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn yín ti di ọ̀gá láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan.

Iṣẹ́ tcp-keepalives-in yàtọ̀: òun ló ń wò ó bóyá kọ̀ǹpútà tó wà lápá kejì ṣì wà láàyè. Exec-timeout ló ń mú ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà láàyè ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ ti lọ jẹun. Títẹ̀ ló sì ń kà, kì í ka wíwò: bí ẹ bá ń wo àkọsílẹ̀ tó ń yí lọ lójú yín láìtẹ nǹkan kan, ó máa já yín. Ẹ máa tẹ Enter lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣí ojú SSH (ọ̀nà ìwọlé láti òkèèrè) kejì, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí ẹ máa tẹ nǹkan nínú ti àkọ́kọ́. Bí ráútà bá ti já èkejì, ẹ tẹ write memory kó lè fi ètò náà pamọ́, torí bí iná bá lọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ráútà á padà sí 0 0.