Ọ̀gá ò sí ní bùrò, ìwé ò lè jáde

Owó tí mo ná sórí zem (ọ̀kadà) àti fọ́tòkọ́pì torí ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ mi ju owó ìwé fúnra ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná. Kétu ti Bẹ̀nẹ̀ là ń gbé. Orúkọ ìdílé wa, "ch" ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí ìwé tèmi, "s" ni wọ́n fi kọ ti ọmọ, iléèwé ò gba dọ́síyè (àkójọ ìwé) ẹ̀.

Ti ilé ẹjọ́ ní Pobè ò le, mo lọ, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe, ó parí. Kí wọ́n wá kọ ìpinnu yẹn sínú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ló dogun. Bùrò (ọ́fíìsì) kan báyìí, mi ò ní dárúkọ. Ẹni tó ń buwọ́ lùwé ò sí. Tí kò bá lọ ìpàdé, ó lọ fọmasíọ̀n (ìdánilẹ́kọ̀ọ́), arábìnrin tó jókòó níbẹ̀ á kàn máa ní "ẹ má bínú, bàbá, ẹ padà wá." Mo ní ta ló ń delé dè é, ó ní wọn ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ìlú ń dúró de ọwọ́ ẹnì kan!

Mi ò ní ìjọba ò gbìyànjú o. Orí service-public.bj, ìkànnì ìjọba, ni mo ti béèrè casier judiciaire (ìwé tó ń fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá èèyàn lẹ́bi rí), ilé ni mo jókòó sí, ó yá kánkán. Òfin December 2021 náà gba iṣẹ́ ojoojúmọ́ kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) lọ́wọ́ mẹ́ẹ̀rì tó jẹ́ olórí ẹ̀, ó gbé e fún secrétaire exécutif (ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀), kí ẹni tó mọṣẹ́ lè máa ṣe é dípò olóṣèlú, mo fara mọ́ ọn dáadáa. Àmọ́ òfin tí wọ́n bá dìbò fún nílé aṣòfin ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí kò bá sẹ́ni tó lè buwọ́ lùwé nígbà tí ọ̀gá bá rìnrìn àjò, ibo ló fẹ́ ti kàn wá?

Nígbà tó sú mi, mo kọ lẹ́tà, mo ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí kọ́pì tèmi, tòun ti déètì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé jáde! Mo yangàn kiri àdúgbò, mo tún kọ ti ìyá kan tí kò mọ̀wé, tó ti ń bọ̀ níbẹ̀ ṣáájú mi, ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ gba òǹtẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ẹ ò ní bá ẹnì kankan.