Bí ọmọ tí kò ríran dáadáa ṣe lè kópa nínú ẹ̀kọ́ àti ìsìn àwọn ọmọdé nínú ìjọ

Kí ọmọ náà tó dé ni ẹ máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òbí rẹ̀, kí ẹ sì bi òun fúnra rẹ̀: kí ló lè rí? Láti ibo? Nínú irú ìmọ́lẹ̀ wo? Èyí tó pọ̀ jù nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń ríran díẹ̀. Bí ọmọ náà bá jẹ́ àfín, ìmọ́lẹ̀ tó mú máa ń ni ín lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ kó jókòó níwájú, kó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Bó bá ń dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó wo nǹkan, ẹ má sọ pé kó gbé orí dúró dáadáa. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ríran jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú un wá sí ilé ìjọsìn nígbà tí kò sí èrò. Ẹ má fà á lọ́wọ́, ẹ má sì tì í látẹ̀yìn. Òun ni kó di apá yín mú lókè ìgúnpá (ọmọ kékeré lè di ọrùn ọwọ́ mú), kí ẹ̀yin fi ìwọ̀nba díẹ̀ ṣíwájú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ibi àtẹ̀gùn, ẹ dúró, ẹ sọ bóyá ó ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìjókòó rẹ̀, dé ilé ìtura, dé iwájú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má yí àga padà láìsọ fún un. Ilẹ̀kùn tó ṣí ààbọ̀ burú gan-an: ọ̀pá funfun tí ọmọ fi ń wá ọ̀nà lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí iwájú orí ọmọ sì gbá a. Ẹ ṣí i tán, tàbí kí ẹ tì í.

Bó bá ń ka Braille (ìwé alámì tó yọ sókè tí wọ́n ń fi ìka kà), ẹ fi àkọ́sórí àti orin ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó kéré tán. Odindi Bíbélì ní Braille kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ìdìpọ̀ ńlá ni, nítorí náà ẹ sọ ìwé tí ẹ máa kà kó lè mọ èyí tó máa gbé wá. Ẹ má gbé ẹrù lé ìwé Braille lórí, kí àwọn àmì tó yọ sókè má bàa tẹ́. Fún ẹni tó ń ka lẹ́tà ńlá, ìwọ̀n lẹ́tà 18 (point) lórí kọ̀ǹpútà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dáa, lórí ìwé funfun tí kò dán. Bí ẹ bá kàn fi ẹ̀rọ sọ ẹ̀dà tó ti ṣá di ńlá, àmì ohùn lè pòórá. Ẹ tún un tẹ̀.

Ohun tí àwọn yòókù á fi ojú rí, ẹ wá bí òun ṣe máa fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Bí ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì lẹ ó bá kọ́ wọn, ẹ wá kànnàkànnà tí wọ́n fi okùn ṣe, àti òkúta dídán márùn-ún. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó o fún un, torí kò rọrùn fún un láti máa yẹ̀ ẹ́ wò kó sì tún máa gbọ́ yín. Ẹ má di ọwọ́ rẹ̀ mú tipátipá sórí nǹkan. Ẹ fi ọwọ́ yín sábẹ́ tirẹ̀, kó lè yọ ọ́ nígbà tó bá wù ú. Ẹ ka ohun tí ẹ bá kọ sójú pátákó sókè.

Ohun kan tí a kì í sábà ronú kàn ni ariwo. Etí ni ọmọ yìí fi ń mọ ibi tó wà. Bí ìlù àti ẹ̀rọ agbohùnsókè bá gba gbogbo ilé, kò ní mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà mọ́. Ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹnì kan sì wà nítòsí rẹ̀ nígbà ijó. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ tiyín. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ sọ ọ́.

Ẹ má gbé ọwọ́ lé e lórí lójijì, ẹ má sì máa pè é jáde fún àdúrà ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Jésù bi Bátíméù ní ohun tó fẹ́ kí òun ṣe fún un, bó tilẹ̀ hàn gbangba pé kò ríran. Nínú Jòhánù orí 9 pẹ̀lú, ó ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà tàbí ti àwọn òbí rẹ̀ ló fa ìfọ́jú rẹ̀. Kí olùkọ́ rántí èyí kó tó ṣàlàyé ipò ọmọ náà fún àwọn ọmọ yòókù.

Níkẹyìn, ẹ fún un níṣẹ́, kó má sì jẹ́ orin nìkan, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò ríran ló mọ orin kọ. Ó lè ka Bíbélì, ó lè kí àwọn èèyàn káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lè gbé igbá ọrẹ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Bó bá sì ń ṣeré nígbà àdúrà, ẹ bá a wí bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.