Bí A Ṣe Ń Yan Kámẹ́rà fún Ìrìn Àjò Ìsinmi Ẹbí

Nígbà tí ìsinmi Kérésìmesì tàbí ti ìparí ọdún ìwé bá ń sún mọ́lé, tí ẹbí kan ní Àkúrẹ́ bá ti fẹnu kò pé àwọn yóò lọ gun Òkè Ìdànrè, tàbí pé àwọn yóò dé etíkun Aráròmí ní ìhà Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí wọn yóò mú dání kì í pẹ́ jẹ yọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye mẹgapíksẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn iye mílíọ̀nù ẹyọ tín-ín-tín tí ó para pọ̀ di àwòrán. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ibi tí ẹ ń lọ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tó ro ẹni tí yóò gbé kámẹ́rà náà, kí ẹ sì wá wo bí yóò ṣe ya ojú àwọn ènìyàn yín nínú oòrùn ilẹ̀ wa. Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kámẹ́rà tí ó kù tí ẹ lè yan kì í pọ̀ mọ́.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ wo fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín dáadáa. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí àwòrán tí ẹ fẹ́ kò sì ju èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé lórí WhatsApp lọ, ó ti tó. Ẹ fi owó yín ra epo sọ́kọ̀. Ìgbà tí kámẹ́rà gidi máa ń wúlò ju fóònù lọ ni ìgbà tí ohun tí ẹ fẹ́ yà bá jìnnà, ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àti ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ àwòrán ńlá tí ẹ ó fi kọ́ ara ògiri pálọ̀. Àǹfààní fóònù kan tún wà tí àwọn tí ń ta kámẹ́rà kì í sọ: bí bátìrì kámẹ́rà bá tán lórí òkè, fóònù ṣì wà tí ẹ ó fi pe awakọ̀ tí ń dúró dè yín nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Òkè Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ. Àtẹ̀gùn tí a ń gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lókè náà lé ní 600, wọ́n sì ṣe àwọn ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà nítorí àwọn tí ó bá rẹ̀. Ẹni tí ó pọn ọmọ, tí ó tún gbé omi àti oúnjẹ dání, kò ní fẹ́ kí kámẹ́rà tí òun pẹ̀lú lẹ́ǹsì rẹ̀ lé ní kìlógíráàmù kan tún rọ̀ mọ́ òun lọ́rùn. Kò ní tíì gun àtẹ̀gùn náà jìnnà tí yóò fi kì í bọ àpò, kò sì ní yọ ọ́ mọ́ títí tí wọn yóò fi sọ̀kalẹ̀. Kámẹ́rà kékeré tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, irú Sony RX100, kò wúwo ju nǹkan bí 300 gíráàmù lọ, ó sì ń wọ àpò ṣòkòtò. Fún òkè yìí, èyí tí ó fúyẹ́ ni mo fara mọ́, kódà bí owó àtira èyí tí ó tóbi bá wà nílẹ̀.

Ohun kejì tí òkè ń béèrè ni lẹ́ǹsì tí ó lè kó ènìyàn púpọ̀ jọ láti ìtòsí. Lórí àpáta, kò sí àyè tí ayàwòrán lè máa fi ẹ̀yìn rìn bí wọ́n ti ń ṣe ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, ẹni tí ó bá sì dán an wò lè ṣubú. Nọ́ńbà tí ẹ ó wò lára lẹ́ǹsì ni èyí tí mm tẹ̀ lé. Bí ẹ bá dúró ní mítà 3 sí àwọn ènìyàn yín, lẹ́ǹsì 24mm yóò kó ìbú mítà 4.5 sínú àwòrán, èyí tí ó gba bàbá, ìyá, ọmọ márùn-ún àti màmá àgbà láìfún wọn pọ̀. Lẹ́ǹsì 50mm kò ní kó ju mítà 2 àti díẹ̀ lọ, ìdajì ẹbí yóò sì wà níta. Ìṣirò yìí jẹ́ ti kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun inú rẹ̀ tí ń gba ìmọ́lẹ̀, tóbi tó fíìmù 35mm ayé àtijọ́. Ní ti àwọn kámẹ́rà kéékèèké, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n bá ní ó dọ́gba pẹ̀lú ti 35mm nínú ìwé tí ó bá a wá, òun ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Súùmù náà ni a gbọ́dọ̀ fi ojú àsìkò wò. Láti bí oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ọ̀dọ̀ wa, ìta a sì ṣú fọ́lọ́fọ́lọ́. Ẹni tí ó ra kámẹ́rà onísúùmù gígùn kí ó lè ya òkè tí ó wà lókèèrè yóò rí i pé eruku inú afẹ́fẹ́ ni òun ń fà mọ́ra, nítorí súùmù kò lè mú ọyẹ́ kúrò. Ẹ pa owó súùmù gígùn mọ́ di ìrìn àjò ìgbà tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ rà á, ọ̀rọ̀ optical ni kí ẹ wá lára páálí, èyí ni súùmù tí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Èyí tí wọ́n bá pè ní digital kàn ń gé àárín àwòrán, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ ni, iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe lórí fóònù nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Eruku yìí kan náà ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí kámẹ́rà tí à ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀ fún ìsinmi Kérésìmesì, àyàfi bí lẹ́ǹsì kan ṣoṣo yóò bá wà lára rẹ̀ láti àlọ dé àbọ̀. Bí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì nínú ọyẹ́, eruku lè bà lé sẹ́ńsọ̀, gbogbo àwòrán tí ẹ bá sì yà lẹ́yìn náà ni yóò ní àmì dúdú ní ojú kan náà.

Bí etíkun Aráròmí ni ẹ ń lọ, omi iyọ̀ àti yanrìn ni ọ̀tá kámẹ́rà níbẹ̀. TG-7 ti OM System, tí ó jáde ní 2023, àti TG-6 ti Olympus tí ó ṣáájú rẹ̀, lè wọ omi tó jìn dé mítà 15 láìsí pé a tún fi nǹkan kan bò ó. Sẹ́ńsọ̀ wọn kéré, wọn kì í sì í ya àwòrán àṣálẹ́ dáadáa, nítorí náà ẹbí tí kò ní wọ omi kò nílò wọn. Kí ó tó kan omi, ẹ wo etí rọ́bà tí ó yí ìlẹ̀kùn bátìrì ká. Ẹyọ yanrìn kan níbẹ̀ ti tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Bí ẹ bá ti kúrò lókun, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án kí iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn lára. Ẹ má sì fọkàn tán àmì IP68, èyí tí ó ń sọ pé omi kò lè tètè wọ inú fóònù, nítorí kì í ṣe omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń dán an wò.

Ojú ènìyàn ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà máa ń gbà pé ohun gbogbo tí ó wà níwájú rẹ̀, bí a bá pa á pọ̀, kò funfun, kò sì dúdú. Bí ènìyàn dúdú bá wá dúró, tí ojú ọ̀run tí ó mọ́ rekete wà lẹ́yìn rẹ̀, kámẹ́rà yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí ojú ọ̀run, ojú ẹni náà yóò sì di òjìji lásán. Nítorí náà, ẹ mú ẹni tí ó dúdú jù nínú ẹbí dání lọ sí ìsọ̀. Ẹ wá ìsọ̀ tí ó kọjú sí títì, ì báà jẹ́ ní Arákàlẹ̀ tàbí ní Òpópónà Ọba Adésídà, ẹ ní kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó kẹ̀yìn sí oòrùn ọ̀sán, kí ẹ̀yin wà nínú, kí ẹ sì yà á láìyí nǹkan kan padà. Ẹ fẹ àwòrán náà lójú kámẹ́rà. Ṣé ẹ rí ẹyinjú rẹ̀? Ṣé ẹ rí bí irun tí ó dì ṣe pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àbí gbogbo orí ti di dúdú kan ṣoṣo? Lẹ́yìn èyí, ẹ wá bọ́tìnì tí ó ní àmì + àti −, ẹ gbé e sí +1, ẹ tún un yà. Ẹ sì tan fíláàṣì, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kámẹ́rà tí ó bá yọ ojú náà dáadáa ní ìgbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ mú èyí tí bọ́tìnì yẹn wà níta gbangba tí ó sì ní fíláàṣì lára, nítorí àwọn kan wà tí kò ní in rárá. Bí ẹni tí ń tà á bá wí pé, “Màmá, oòrùn ìta ló fà á, kámẹ́rà kò ní wàhálà,” ẹ dá a lóhùn pé inú oòrùn yẹn náà ni ẹ ń gbé e lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá jókòó yí oúnjẹ ká tí iná kò sì mọ́lẹ̀ tó, nọ́ńbà f tí ó wà lára lẹ́ǹsì ló ń ṣiṣẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó ni ihò lẹ́ǹsì ṣe ń fẹ̀ tó: f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ń pè ní íǹṣì kan, irú èyí tí ó wà nínú RX100, kò tilẹ̀ gùn tó íǹṣì kan, gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 13.2, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 8.8; síbẹ̀ ó tóbi tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn kámẹ́rà olómi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí mẹgapíksẹ̀lì. Àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 10, tí a bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò gbà ju bí mẹgapíksẹ̀lì 7 lọ, èyí tí kámẹ́rà gidi tí à ń tà lóde òní ti ní ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn tí owó wọn kéré gan-an tí wọ́n kọ 48MP gàdàgbà sí lára ni kí ẹ sá fún, nítorí sẹ́ńsọ̀ kékeré ló sábà máa ń wà nínú wọn tí wọ́n fi ìṣirò fẹ àwòrán rẹ̀.

Ẹni tí yóò gbé kámẹ́rà kò ní jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, bí ẹ kò bá fẹ́ kí bàbá tàbí ìyá sọnù nínú gbogbo àwòrán. Ẹ ó máa bẹ ẹni tí ń kọjá lọ pé, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́.” Bí kámẹ́rà náà bá gba àlàyé kí ó tó ṣeé tẹ̀, kò bá ìrìn àjò ẹbí mu. Nígbà tí ẹ bá wà ní ìsọ̀, ẹ gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ó tẹ̀ ẹ́ láìsí pé ẹ kọ́ ọ. Bí àwòrán rẹ̀ bá hàn kedere, ẹni tí ń kọjá lọ náà yóò lè lò ó. Bí màmá àgbà kò bá lo fóònù, ẹ fi Instax Mini ti Fujifilm, kámẹ́rà tí ń tẹ àwòrán jáde fúnra rẹ̀, kún un bí owó bá wà: àwòrán mẹ́wàá ló wà nínú páálí kan, ojú ẹsẹ̀ ló sì ń jáde.

Tòkunbọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú lẹ́ǹsì láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí ohun tín-ín-rín tí ó nà káàkiri bí okùn aláǹtakùn, èbu ti hù níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ ya ògiri funfun ní f/16, kí ẹ sì wá àmì dúdú tí eruku orí sẹ́ńsọ̀ ń fà. Ẹ ṣí ibi tí a ti ń yan èdè náà wò, nítorí àwọn kámẹ́rà kan tí wọ́n ṣe fún ọjà Jàpáànì nìkan kò ní èdè mìíràn nínú.

Ní ti bátìrì, àwọn kámẹ́rà mirrorless (àwọn tí kò ní dígí nínú) tí kò wọ́n sábà máa ń ya àwòrán bí 300 sí 400 kí ó tó tán, nígbà tí DSLR (àwọn tí dígí wà nínú wọn) bíi Nikon D3500 lè ya 1,550. Nítorí náà, ẹ ra bátìrì kejì, kí ẹ sì yan èyí tí ó ṣeé fi páwà báǹkì gba iná láti ojú USB. Bí ọkọ̀ òfuurufú ni ẹ ó wọ̀, inú báàgì ọwọ́ ni bátìrì tí kò sí lára kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà. Káàdì 64GB méjì sàn ju 128GB kan lọ, nítorí bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìdajì ìrìn àjò ṣì wà. Ayédèrú káàdì pọ̀ lọ́jà: ẹ da fáìlì sí i láti orí kọ̀ǹpútà títí yóò fi kún, kí ẹ sì ṣí èyí tí ó wọlé kẹ́yìn wò.

Ẹ rà á ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ ṣètò ọjọ́ àti aago rẹ̀ kí ó bá ti fóònù mu, ẹ ya àwọn ará ilé ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kí ẹ sì lọ tẹ méjì lára rẹ̀ sórí páálí àwòrán. Bí àbùkù kan bá hàn, rìsíìtì ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì tètè lè gbé e padà sí ìsọ̀.