Ẹṣin tó ti rù kan egungun: bí mo ṣe bọ́ ọ padà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, owó ò pọ̀ lọ́wọ́ mi tí mo fi ra ẹṣin. December 2024 ni mo kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí etíkun kan l'Ékòó, wọ́n ní àwọn fẹ́ gun ẹṣin, ni bọ̀bọ́ kan bá fa ẹṣin pupa kan wá, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan péré mo ní kí àwọn ọmọ yẹn má gùn ún. Láti ibi tí mo dúró sí mo lè ka egungun ìhà ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, egungun ìdí ẹ̀ yọ síta bí igun tábìlì, wọ́n sì gbé gàárì lé egbò tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Bọ̀bọ́ yẹn ní "Ẹ̀gbọ́n, ó ń jẹun dáadáa o, bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Bó ṣe máa ń rí kẹ̀! A dúnàádúrà títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, iye tí mo san ò tó owó fóònù tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kejì mo háyà kánńtà, a gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀bú á ní ṣebí ẹṣin ò ṣàjèjì sí wa. Òótọ́ ni, ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba, ẹ máa rí wa lórí ẹṣin pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wa, gígùn ọjọ́ kan la mọ̀, Màlámù tó ń tọ́jú ẹ̀ ló mọ ohun tó ń jẹ láti ọjọ́ kejì lọ. Èmi náà wà nínú wọn. Màlámù tiwa ní Sábó ni mo kọ́kọ́ pè, ó wo ẹṣin yẹn, ó mi orí, ó ní kí n ra ọkà bàbà àpò kan, kí n máa bù ú fún un dáadáa, láàárín oṣù kan á ti sanra. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Ebi pa á, fún un lóúnjẹ, ó parí.

Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà ẹran kan tí ọ̀rẹ́ mi fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin ni, láti Abẹ́òkúta ló ti wá. Mo ti ń ṣí àpò ọkà bàbà yẹn nígbà tó wọlé, ó ní "Ẹ gbé ìyẹn kúrò níbí, ẹ fẹ́ pa á ni?" Ó wá jókòó ṣàlàyé fún mi. Ẹṣin tí ebi ti pa pẹ́, ọ̀rá ara ẹ̀ àti ẹran ara ẹ̀ ló ti ń jẹ láti fi wà láàyè. Tó bá wá ṣàdédé rí oúnjẹ tí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀, bí ọkà, bí àgbàdo, insulin, èròjà inú ara tó ń darí ṣúgà, á tú jáde, á wọ́ phosphorus àti potassium àti magnesium, àwọn èròjà tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú ara lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ á wá gbẹ ti àwọn nǹkan yẹn, ọkàn lè dáwọ́ dúró. Ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́wàá tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i pé ó burú, ẹranko tí ebi ò rí pa, kí oúnjẹ wá pa á.

Ó fi ọwọ́ tẹ ibi mẹ́fà lára ẹ̀: ọrùn, gegele tó wà láàárín èjìká méjèèjì, ẹ̀yìn apá, ìhà, ẹ̀yìn, àti ìdí ìrù. Wọ́n máa ń fún ẹṣin ní máàkì láti 1 dé 9, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Henneke ló gbé e jáde l'Amẹ́ríkà ní 1983, 1 ni egungun lásán, 9 ni èyí tó sanra jù, 5 ló dáa. Ó fún tèmi ní 2, ó ní àánú ló ṣe òun. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn wọ́n lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, dúpẹ́ pé kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó rárá. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tetanus nítorí egbò gàárì yẹn. Ó ní kí n má tíì fún un lóògùn aràn, kó kọ́kọ́ lágbára ná.

Ohun kan wà tó ṣe tó yà mí lẹ́nu. Ó mú ìgbẹ́ ẹṣin bíi mẹ́fà, ó jù ú sínú ọ̀rá funfun, ó da omi sí i, ó po ó pọ̀, ó so ó kọ́ sára igi. Nígbà tó fi máa di bí ogún ìṣẹ́jú, yanrìn ti rọ̀ lọ sísàlẹ̀ ọ̀rá yẹn, ó nípọn tó ìka méjì, yanrìn etíkun funfun báláú. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń da oúnjẹ sí fún un níbẹ̀, ó ń jẹ yanrìn mọ́ ọn. Látọjọ́ yẹn, inú bẹ́sìnì ńlá tó wúwo ni mo ń gbé oúnjẹ ẹ̀ sí, mi ò sì jẹ́ kó jẹ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti oúnjẹ. Ní Yunifásítì California ní Davis wọ́n dán an wò lára àwọn ẹṣin tí ebi ti pa, wọ́n rí i pé koríko alfalfa ló dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ṣúgà ẹ̀ kéré, àwọn èròjà tí ẹ̀jẹ̀ nílò sì pọ̀ nínú ẹ̀. Níbo la ti fẹ́ rí alfalfa n'Íjẹ̀bú? Dókítà ní ká lo ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ, èyí tí àwọn Màlámù ń pè ní harawa, ẹbí ẹ̀wà kan náà ni àwọn àti alfalfa. Màlámù bá mi rà á. Ẹ rí i pé ẹ gbọn ewé ẹ̀pà yẹn dáadáa o, yanrìn àti eruku máa ń pọ̀ lára ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, gíráàmù 250 péré lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́: aago mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá, méjì ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá alẹ́, méjì òru. Síkéèlì tí ìyàwó mi fi ń wọn fláwà kéèkì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, ó bínú títí ó fi sú u. Aago méjì òru yẹn ló le jù, ọyẹ́ ń fẹ́, màá wé bùláńkẹ́ẹ̀tì jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹṣin yẹn á ti gbọ́ ìró bàtà mi, á gbé etí sókè, á jẹ tiẹ̀ tán ní ìṣẹ́jú mélòó kan, á wá máa wo ojú mi. Wíwò yẹn, ẹ gbà mí! Ojú ẹ̀ máa ń dà bíi pé ahun ni mí.

Ojú yẹn náà ló mú Màámi. Ọjọ́ karùn-ún, mo lọ sí ọjà, bí mo ṣe kúrò nílé, Màámi kó èèpo iṣu tútù tó kún báàfù, wọ́n bu eèrí ògì lé e, wọ́n gbé e fún un. "Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo dé. Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ń yí ojú wo ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ikùn, òógùn bò ó nínú ọyẹ́, ló bá lọ sílẹ̀, ó fẹ́ máa yí. Mo pe dókítà, ó ní kí n gbé e dìde, kí n máa fà á rìn jẹ́jẹ́, kó má jẹ nǹkankan, òun ń bọ̀. Èmi àti Màlámù ń fà á yí ká àgbàlá bí ẹni ń ṣọ́ ilé, Màámi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò sọ̀rọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ni wọ́n ń kà. Dókítà dé ní ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ti ọ̀pá rọ́bà gba imú ẹ̀ wọnú ikùn. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ló tó yàgbẹ́. Ẹ ò lè mọ bí ìgbẹ́ ẹṣin ṣe lè dùn ún rí lójú tó bá dà báyẹn! Màámi dìde, wọ́n ní "Málọmọ́. Málọmọ́ lorúkọ ẹ̀." Orúkọ àbíkú. Ohun tó ń jẹ́ títí dòní nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fi ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan pátákò ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ bóyá ó gbóná, torí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sí pátákò, kó sì sọ ẹṣin di arọ. Kò gbóná. A padà sí gíráàmù 250.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá la wá ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, a dín ìgbà kù sí mẹ́ta lójúmọ́, nígbà tó fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti ń jẹ bíi kílò mẹ́rin lójúmọ́. Ìgbà yẹn ni dókítà wo eyín ẹ̀. Mo ti ń rí i pé ó máa ń jẹ koríko dé ààbọ̀ kó tú u sílẹ̀ ní ṣùù, mo rò pé àṣejù ni. Àṣé eyín ẹ̀gbẹ́ ti mú bí ọ̀bẹ, ó ti gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ nínú. Wọ́n fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ó tún fún un lóògùn aràn, ivermectin, bí ẹṣin bá ṣe tẹ̀wọ̀n sí lẹ máa fi mọ iye tẹ́ ẹ máa fún un.

Ẹ á ní báwo ni mo ṣe mọ bó ṣe tẹ̀wọ̀n. Téèpù télọ̀ ni. Ẹ wọn àyíká àyà ẹ̀ lẹ́yìn apá iwájú ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi ara ẹ̀ lọ́po ara ẹ̀, ẹ fi gígùn ẹ̀ láti èjìká dé ìdí lọ́po ohun tó jáde, ẹ wá fi 11,880 pín in, kílò lẹ máa rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àyà ẹ̀ jẹ́ 132, gígùn ẹ̀ 125, kílò 183 ló jáde. Gbogbo àárọ̀ Monday ni mo ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò kúrò lójú kan, mo fẹ́ẹ̀ sunkún, dókítà ní inú ló ń tún ṣe, kí n fi í sílẹ̀.

Láti oṣù kejì la ti fi ẹ̀wà sóyà sísè kún oúnjẹ ẹ̀ (ẹ má fún un ní tútù o, kì í dà nínú wọn), lẹ́yìn náà òróró, ṣíbí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, à ń fi kún un títí tó fi di ife kékeré kan. Òróró ń mú un sanra láìsí ṣúgà. Iyọ̀ wà níbẹ̀ tó lè lá nígbà tó bá wù ú. Mo ń fà á rìn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n gàárì ò kan ẹ̀yìn ẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí koríko tútù yọ lẹ́yìn ilé, ìgbà yẹn gan-an ló wá di ẹṣin. Irun àtijọ́ ń bọ́ lára ẹ̀ ní ṣùùrù, èyí tó yọ lábẹ́ ẹ̀ ń dán. Ìparí May, àyà ẹ̀ 148, gígùn ẹ̀ 127, kílò 234. Dókítà fún un ní 4, ó ní ká má kánjú, tó bá di 5 ká tó sọ̀rọ̀ gàárì.

Àwọn àbúrò mi fẹ́ gùn ún lọ Ojúde Ọba ní June, mo ní rárá, wọ́n lọ háyà tiwọn. Lọ́jọ́ náà mo pẹ́ kí n tó jáde nílé. Ìlù ti ń dún láti ọ̀nà jíjìn, ìbọn ń dún, Málọmọ́ gbé orí sókè, ó yán, ó wá sáré yí àgbàlá ká, ó ta bọ́kẹ́ẹ̀tì omi nù, gọ̀gọ̀ ẹ̀ ń fẹ́. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà tó ti wà lọ́dọ̀ wa, mi ò tíì rí i kó sáré rí. Mo kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, àfìgbà tí Màámi pariwo láti ojú wíńdò: "Ṣé o ti ti géètì yẹn ṣá?"