Bẹ́ ẹ ṣe máa di áàpù yín ní páákéèjì fún Haiku títí táá fi dé HaikuDepot

Tẹ́ ẹ bá ti kọ áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lórí Haiku, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ ò tíì tán o. Tí ẹni tó fẹ́ lò ó bá ní láti lọ wá kóòdù ẹ̀ kiri, kó tún ṣí Terminal, kó wá máa tẹ make, ẹni yẹn á kàn bá tiẹ̀ lọ ni. Àwọn tó ń lo Haiku ò kúkú pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má tún lé wọn sá. HaikuDepot ni wọ́n ti ń wá áàpù, ibẹ̀ ló yẹ kí tiyín náà wà.

Fẹ́ni tí ò bá mọ̀, operating system, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni Haiku, àmọ́ kì í ṣe Linux o. BeOS, operating system àtijọ́ kan, ni wọ́n ń wò ṣe é. Lọ́dún 2001 tí Palm ra ẹrù ilé iṣẹ́ Be, àwọn tó fẹ́ràn BeOS láwọn ò ní jẹ́ kó kú, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀, OpenBeOS ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, 2004 ló di Haiku. Ìdí tí mo fi ń sọ̀tàn ni pé ọ̀rọ̀ páákéèjì yìí, 2013 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú ẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá rí àlàyé àtijọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní kẹ́ ẹ tú zip sínú /boot/common, ẹ fò ó kọjá, ayé ìgbà yẹn ti lọ.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé yín rèé. Lórí Debian tó jẹ́ ọ̀kan lára Linux, wọ́n máa ń tú páákéèjì ni, fáìlì kọ̀ọ̀kan á sì lọ síbi tó yẹ kó wà lórí disk. Haiku kì í tú nǹkan kan. Fáìlì .hpkg á kàn jókòó sínú /boot/system/packages, packagefs, ìyẹn apá Haiku tó ń bójú tó páákéèjì, á wá gbé ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde nínú /boot/system bíi pé ibẹ̀ gan-an ló wà. Ẹ ju .hpkg sínú fódà yẹn, áàpù ti dénú mẹ́nù lójú ẹsẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ti lọ nìyẹn. Bí ọjà inú ṣóòkéèsì onígíláàsì ló ṣe rí, ẹ ń rí i kedere àmọ́ ẹ ò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ibi tí wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí áàpù tó bá ti mọ́ lára láti máa kọ settings ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń kọ ọ́ nínú /boot/home, kẹ́ ẹ wá dì í ní páákéèjì tán, ṣe láá máa gbàgbé gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ti pa á, kò sì ní sọ nǹkan kan fún yín. Kẹ́ ẹ tó di ohunkóhun, ẹ wá gbogbo ibi tí kóòdù yín ti ń kọ fáìlì, kẹ́ ẹ sì darí ẹ̀ síbi tó tọ́. Ká sọ pé Akosile lorúkọ áàpù yín:

BPath path;
find_directory(B_USER_SETTINGS_DIRECTORY, &path);
path.Append("Akosile_settings");

Ìyẹn á gbé e lọ sí /boot/home/config/settings, ibẹ̀ ṣeé kọ sí. Tó bá jẹ́ áàpù Linux lẹ̀ ń gbé bọ̀, ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti kan /usr/share mọ́nú kóòdù ẹ̀, torí lórí Haiku, /boot/system/data nirú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń wà.

Ó wá ku dídì. Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ fún ọ̀rẹ́ yín méjì kan kí wọ́n bá yín dán an wò, ẹ ṣe fódà kan, ẹ kó áàpù sínú apps nínú ẹ̀, ẹ kọ fáìlì .PackageInfo síbẹ̀ (orúkọ, version, láísẹ́ńsì, ohun tó ń pèsè àtohun tó nílò), kẹ́ ẹ wá tẹ:

package create -C fodaYin akosile-1.0-1-x86_64.hpkg

Ó parí. Orúkọ páákéèjì ò gbọdọ̀ ní àmì - nínú o, _ ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá sì jẹ́ nightly, ìyẹn Haiku tí wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́, lẹ fi kọ́ ọ, ẹni tó wà lórí beta5, èyí tó jáde ní September 2024, lè má rí i lò, torí náà ẹ kọ́ ọ lórí beta.

Àmọ́ láti dé HaikuDepot fún gbogbo ayé, recipe, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ áàpù yín, lẹ máa kọ fún HaikuPorts, ibi tí wọ́n ń kó àwọn recipe jọ sí. Lójú tèmi, kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ ló dáa jù, torí èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ dì, ẹ̀yin lẹ máa máa tún un dì nígbàkígbà tí nǹkan bá yí padà. Ẹ fi pkgman install haikuporter gbé irinṣẹ́ ẹ̀ wá, ẹ fi git clone gbé haikuports látorí GitHub, kẹ́ ẹ kọ TREE_PATH àti PACKAGER sínú haikuports.conf tó wà nínú settings yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe haiku-apps/akosile/akosile-1.0.recipe:

SUMMARY="Small note-taking app"
DESCRIPTION="Akosile keeps short notes as plain text files."
HOMEPAGE="https://example.org/akosile"
COPYRIGHT="2025 Akosile developers"
LICENSE="MIT"
REVISION="1"
SOURCE_URI="https://example.org/akosile-$portVersion.tar.gz"
CHECKSUM_SHA256=""
ARCHITECTURES="x86_64"

PROVIDES="
	akosile = $portVersion
	app:Akosile = $portVersion
	"
REQUIRES="
	haiku
	"
BUILD_REQUIRES="
	haiku_devel
	"
BUILD_PREREQUIRES="
	cmd:gcc
	cmd:make
	"

BUILD()
{
	make $jobArgs
}

INSTALL()
{
	mkdir -p $appsDir
	cp Akosile $appsDir
	addAppDeskbarSymlink $appsDir/Akosile
}

Ẹ rí i pé mi ò kọ version síbì kankan nínú ẹ̀, ara orúkọ fáìlì ló ti ń mú un. Checksum (àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé kóòdù tí wọ́n gbé wá ò yí padà) tí mo fi sílẹ̀ lófìfo yẹn, ẹ kọ́kọ́ tẹ haikuporter akosile, á ṣírò ẹ̀ fún yín, ẹ wá dà á kọ síbẹ̀.

Èyí tó máa ń dá àwọn èèyàn dúró jù ni BUILD_PREREQUIRES. Inú chroot, ìyẹn àyíká kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ni haikuporter ti ń kọ́ áàpù, ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú recipe nìkan ló wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ ní cmake lórí kọ̀ǹpútà yín ò ní kó wà níbẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá kọ cmd:cmake. Àwọn kan máa ń bínú sí i, àmọ́ ó sàn kó já lọ́wọ́ yín ju kó já lọ́wọ́ ẹlòmíì lọ. Tẹ́ ẹ bá nílò láíbírì, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ń wá gan-an, ẹ má kọ orúkọ páákéèjì tó gbé e wá: lib:libcurl nínú REQUIRES, devel:libcurl nínú BUILD_REQUIRES. Bí áàpù yín bá sì ní kọmáǹdì tó ń gbé sínú bin, ẹ kọ cmd: tiẹ̀ sínú PROVIDES, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ haikuporter á pariwo.

Ti 32-bit, ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́jú pọ̀ díẹ̀. gcc2, compiler àtijọ́ kan, ni wọ́n fi kọ́ ọ kí áàpù BeOS ṣì lè máa ṣiṣẹ́, kò sì gbọ́ C++ ayé òde òní. Àwọn recipe tó wà nílẹ̀ máa ń kọ "all !x86_gcc2" pẹ̀lú SECONDARY_ARCHITECTURES="x86", wọ́n á wá fi $secondaryArchSuffix kún orúkọ káàkiri. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú wọn kẹ́ ẹ wò ó ṣe, ó yá ju kí n máa ṣàlàyé lọ.

Tó bá ti di .hpkg, inú fódà packages nínú haikuports lẹ máa bá a. Ẹ gbé e sínú /boot/home/config/packages, ẹ ṣí i látinú mẹ́nù, ẹ yí settings kan padà, ẹ pa á, ẹ tún un ṣí, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó rántí. Ẹ tẹ haikuporter --lint akosile náà, á bá yín wo àwọn nǹkan kéékèèké bíi SUMMARY tó gùn jù tàbí tó ní àmì ìdánudúró níparí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi pull request ránṣẹ́ sí HaikuPorts. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ tún àlàfo ṣe, kẹ́ ẹ lo tab, ẹ ṣáà tún un ṣe, èèyàn tó ń fi àsìkò ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ ni wọ́n. Tí wọ́n bá ti gbà á wọlé, ẹ̀rọ tiwọn fúnra ẹ̀ láá kọ́ ọ, .hpkg tẹ́ ẹ dì sílé kọ́ ni wọ́n máa gbé síta.

Àwọn tí ò fẹ́ ṣí kóòdù wọn síta lè ṣe repo (ibi tí Haiku ti ń gbé páákéèjì) tara wọn. package_repo create á fi repo.info àtàwọn .hpkg ṣe fáìlì repo, ẹ gbé e sórí server yín pẹ̀lú repo.sha256, aṣàmúlò á wá fi pkgman add-repo so ó mọ́ tiẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa máa tún gbogbo ẹ̀ kọ́ tí Haiku bá yí padà.

Nígbà tí version tuntun bá dé, ẹ má dá recipe míì sílẹ̀, git mv ni kẹ́ ẹ fi yí orúkọ ti tẹ́lẹ̀ sí akosile-1.1.recipe, ẹ pààrọ̀ checksum, kẹ́ ẹ dá REVISION padà sí 1. Tó bá jẹ́ recipe nìkan lẹ tún ṣe, tí kóòdù ò yí padà, REVISION lẹ máa fi ẹyọ kan kún, torí tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀, kọ̀ǹpútà àwọn tó ti ní i ò ní mọ̀ pé nǹkan tuntun ti dé.