Bí A Ṣe Ń Sọ Kọ̀ǹpútà Géèmù Tó Ti Dàgbà Dọ̀tun Láìná Owó Gọbọi

Kọ̀ǹpútà géèmù tó ti lo ọdún mẹ́fà tàbí méje kì í sábà gbó lódindi. Ẹ̀yà kan ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀, òun náà ni gbogbo àwọn tó kù á wá máa dúró dè. Ẹ̀yà yẹn ni kí owó lọ bá. Ẹni tó ra graphics card (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù) tuntun nígbà tó jẹ́ pé processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ló ń mí hẹlẹhẹlẹ ti da owó sómi nìyẹn. Torí náà, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún.

1. Ẹ wá ibi tó há sí

Ẹ ṣí géèmù tó ń yọ yín lẹ́nu jù, ẹ ta á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager yọ. Ẹ lọ sí Performance. Bí GPU bá wà láàárín 95% sí 100%, graphics card ti lo gbogbo agbára rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé 60% ló wà, tí core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́) kan tàbí méjì nínú processor sì ti kún dẹ́nu, processor ni. Ẹ má wo àpapọ̀ CPU, ìyẹn processor, nìkan o: processor oní-core mẹ́jọ lè fi 40% hàn lápapọ̀ nígbà tí core kan ṣoṣo ti há pátápátá. Ẹ fi mouse tẹ àwòrán náà lápá ọ̀tún, kí ẹ yí i sí Logical processors, ẹ ó rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ Memory ló kọjá 90%, tí géèmù ń dúró gbàgà kó tó tún máa lọ, RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló kéré.

Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ sọ resolution (bí àwòrán ṣe kúnná tó lójú screen) kalẹ̀ láti 1080p sí 720p. FPS (iye àwòrán tó ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tó bá fò sókè ń tọ́ka sí graphics card. Èyí tó bá dúró sójú kan ń tọ́ka sí processor. Ẹ kọ FPS àkọ́kọ́ sílẹ̀, a máa padà sórí rẹ̀.

2. Ẹ fọ̀ ọ́ ná

Processor tó bá ti gbóná tó 95 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Ẹ fi HWiNFO, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wo ooru rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀, eruku àti thermal paste (ọ̀dà tó ń gbé ooru processor lọ sí cooler, ohun tó ń mú un tutù) tó ti gbẹ ló sábà máa ń fà á, owó tó sì máa lọ sórí àwọn yẹn kò tó nǹkan.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ di bọ́tìnì iná mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kí iná tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ tán. Bí ẹ bá ń fẹ́ eruku kúrò, ẹ fi ìka kan di fáànù mú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yí i ní àyíjù, ìdí rẹ̀ lè bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ thermal paste gba sùúrù, pàápàá lórí AM4, ìyẹn sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ processor Ryzen àtijọ́ ti AMD. Abẹ́ processor yẹn ni ẹsẹ̀ tín-ín-tín rẹ̀ wà, paste tó ti gbẹ sì máa ń lẹ̀ mọ́ cooler bí àtè. Ẹni tó bá fà á yọ lójijì lè rí i kí processor bá cooler jáde, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 10 kí paste rọ̀, ẹ pa á, ẹ tú ìdè cooler, kí ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi dẹ̀ kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹ fi isopropyl alcohol nu paste àtijọ́ mọ́ tónítóní, kí ẹ kán tuntun sí àárín, kó má ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ.

3. RAM àti SSD

16GB ló yẹ kéèyàn ní fún géèmù òde òní, kó sì jẹ́ ọ̀pá 8GB méjì. Ọ̀pá méjì ń jẹ́ kí processor gba dátà lójú ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ọ̀pá kan kò lè ṣe. Ẹ fi CPU-Z wo irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ: DDR3 kò lè wọ ihò DDR4 láéláé, torí ibi tí àlàfo ìdí wọn wà yàtọ̀. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin, bí a bá kà láti ẹ̀gbẹ́ processor, ni wọ́n sábà máa ń lò. Ìwé motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń wọ̀ sí) á fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ìdè rẹ̀ á fi dún kọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tan) kí ẹ tan XMP, tó ń jẹ́ kí RAM sáré bó ṣe yẹ. Láìṣe bẹ́ẹ̀, RAM tí wọ́n kọ 3200 sí lára lè máa sáré ní 2133 títí ayé, kò sì ní sọ fún yín.

SSD, ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé FPS sókè, ṣùgbọ́n ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìdúró. SATA SSD ń ka nǹkan bí 550MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hard disk ò sábà ju 150MB lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lo M.2 (SSD pẹlẹbẹ tó ń wọ ara motherboard), ẹ kọ́kọ́ ka ìwé motherboard. Àwọn ihò M.2 kan nínú ẹ̀rọ àtijọ́ ò gba NVMe (irú SSD tó yára ju ti SATA lọ), àwọn mìíràn sì ń pa ihò SATA kan tàbí méjì bí nǹkan bá ti wọ inú wọn. Bí hard disk bá pòórá lẹ́yìn tí ẹ ki SSD bọ̀ ọ́, ẹ kàn gbé wáyà rẹ̀ sí ihò SATA mìíràn.

4. Graphics card

Ibí ni owó ti ń lọ jù, ibí náà ni ẹ̀tàn pọ̀ sí. Ẹ wo power supply (àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ) ṣáájú. Ihò PCIe, níbi tí graphics card ń wọ̀, ń fúnni ní 75W, wáyà oní-6-pin ń fi 75W kún un, oní-8-pin ń fi 150W. RX 6600, tó jáde ní 2021, ń jẹ 132W, wáyà 8-pin kan ṣoṣo sì tó o, ìdí nìyẹn tó fi dára fún ẹ̀rọ àtijọ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ power supply, ẹ yọ wáyà rẹ̀ pẹ̀lú. Wáyà power supply kan kì í ṣe ti òmíràn, kódà bí ẹnu wọn bá wọlé: ìtò iná inú wọn lè yàtọ̀, ó sì lè jó SSD àti hard disk lójú ẹsẹ̀.

Ẹ yẹra fún RX 6500 XT bí motherboard yín bá jẹ́ PCIe 3.0, torí lane (ojú ọ̀nà dátà) mẹ́rin péré ló ń lò, ó sì máa ń jìyà níbẹ̀. Intel Arc náà fẹ́ Resizable BAR (tó ń jẹ́ kí processor rí gbogbo ìrántí card lẹ́ẹ̀kan), èyí tí ọ̀pọ̀ motherboard àtijọ́ kò ní. Bó bá jẹ́ àlòkù RX 580 lẹ fẹ́ rà, ẹ fi GPU-Z wò ó: ojúlówó ní shader (ẹ̀yà tín-ín-tín tó ń ṣírò àwòrán) 2304, èyí tó bá fi 2048 hàn kéré sí i. Ẹ jẹ́ kó ta géèmù fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó sanwó. Bí àmì aláwọ̀ wínníwínní bá ń tàn lójú screen, ẹ dá a padà.

Ẹ wọn àyè inú àpótí kí ẹ tó rà á. Ẹ fi DDU pa driver (ètò tó ń darí card) àtijọ́ rẹ́ nínú Safe Mode. Nígbà tí ẹ bá ń yọ èyí àtijọ́, ìdè kékeré kan wà ní òpin ihò PCIe tí card fúnra rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fà. Ẹ rí i pé ara graphics card ni wáyà monitor wà, kì í ṣe ara motherboard.

5. Processor

Lórí AM4, Ryzen 5 5600 lè rọ́pò Ryzen àkọ́kọ́ ti 2017 lórí ọ̀pọ̀ motherboard B350 àti B450, ṣùgbọ́n processor àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe BIOS. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yọ ọ́, iboju ò ní mọ́lẹ̀. Ìyípadà yìí tún ń yanjú ọ̀rọ̀ Windows 11, tí kò ka Ryzen 1000 mọ́ àwọn tó gbà, bẹ́ẹ̀ Microsoft sì ti dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Ní ti Intel, LGA1151 ti ìran 6 àti 7 kò bá ìran 8 ṣiṣẹ́, bí orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ jọra.

Bí ohun gbogbo bá ti wọlé, ẹ padà sí géèmù àkọ́kọ́, ibi kan náà, settings kan náà, kí ẹ fi FPS wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí GPU bá ti wà ní 97%, tí FPS sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dì í padà.